Abẹ́ Ìjókòó Ẹ̀yìn Ni Kẹ́ ẹ Ti Yẹ Ẹ́ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ mọ́tò háíbíríìdì tuntun wò, ìyẹn mọ́tò tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi tó nífẹ̀ẹ́ mọ́tò máa bá mi fà á. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi ná.

Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Toyota ṣí aṣọ lójú háíbíríìdì wọn, Prius tuntun, ìran karùn-ún irú ẹ̀ láti 1997 tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní Japan. Lóṣù yẹn náà ló dé ìpàtẹ mọ́tò Los Angeles, tí àwa ará ìlú ráyè dé ìdí ẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó lè rí i rà ní Amẹ́ríkà. Èrò rọ́ lọ síbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Prius mà ni o! Mọ́tò tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́, tí wọ́n ní ẹ̀yìn ẹ̀ rí bíi ti ahun. Òun náà ló wá tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ báyìí, gíláàsì iwájú ẹ̀ sùn sẹ́yìn débi pé ẹ ò ní mọ ibi tí bọ́ńẹ́ẹ̀tì parí sí. Táyà ínǹṣì 19 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kálukú yọ fóònù, iwájú ni gbogbo wọn ń yà.

Mi ò sọ pé iwájú ò ní nǹkan nínú. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀ dípò 1.8 ti tẹ́lẹ̀, àpapọ̀ agbára ẹ̀ sì wọ agbára ẹṣin 194. Ti ìran tó ṣáájú ò ju 121 lọ. Ẹni tó bá ti wa Prius àtijọ́ gun òkè rí, tó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké, yóò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Síbẹ̀, èyí tó ń ṣọ́ epo jù nínú wọn ń rin máìlì 57 lórí jálá kan nígboro, ó sì ń rin 56 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o: ìgboro, níbi tí mọ́tò yòókù ti ń mu epo bí ẹni mu omi, ibẹ̀ gan-an ni ti òun ti sàn jù. Bẹ́ ẹ bá tẹ bíréékì, ẹ̀rọ iná inú ẹ̀ á sọ eré tẹ́ ẹ̀ ń sá bọ̀ di iná, á kó o sínú bátìrì. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá yín dúró, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra ẹ̀, iná lẹ ó máa fi sún síwájú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wa Uber ní Los Angeles tí à ń gbé yìí kì í fi í fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Òun náà ló sì ń jẹ́ kí àwọn ará ilé máa pè wá láti May 29, 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Èmi ṣá gba ẹ̀yìn lọ ní tèmi. Mo wá ohun tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì. Àṣé wọ́n ti fi pa mọ́ sínú ibi dúdú kan lẹ́bàá gíláàsì, lókè. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa fà, bọ́tìnnì lẹ máa tẹ̀, iná ló máa ṣí i. Ọkùnrin kan tó dúró tì mí ní ó mà dáa o. Mo ní hẹn. Nínú ọkàn mi, mo ń bi ara mi pé ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ń fà látayébáyé, kí ni iná ń wá níbẹ̀?

Mo wọlé, mo jókòó. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe ẹni gíga. Wọ́n ti rẹ òrùlé ọ̀hún sílẹ̀ tó ínǹṣì méjì kí mọ́tò lè rẹwà lójú ẹni tó wà níta, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń jìyà ẹ̀. Ìyá àgbà tó bá wé gèlè ńlá lọ sóde ọjọ́ Sátidé, iwájú ni kó jókòó sí, tàbí kó tú gèlè. Búùtù ẹ̀ náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Mo wá tẹ̀ ba, mo yẹ abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wò. Ibẹ̀ ni bátìrì tó ń jẹ́ kí mọ́tò yìí máa jẹ́ háíbíríìdì wà. Bátìrì yẹn ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mú un tutù. Ihò kan wà lábẹ́ ìjókòó tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, asẹ́ sì máa ń wà lẹ́nu ẹ̀ tó ń dá eruku dúró. Tí eruku bá dí i, tàbí tẹ́ ẹ bá kó àpò àti bàtà dí ẹnu ẹ̀, ooru á máa pa bátìrì náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi ọyẹ́ ilé wa kún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń búra nílé pé háíbíríìdì ò dáa, tí bátìrì ẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ̀ pé asẹ́ kankan wà níbẹ̀ rí, ká má tíì sọ pé ó tú u gbọn. Mẹkáníìkì ẹ̀ náà lè má mọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn ò gba agbára, kò gba kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo àwọn tó ń ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀.

Abẹ́ mọ́tò náà tọ́ sí wíwò, fún ti àwọn olè tó ń gé ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, catalytic converter. Prius àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù ní California, torí àlùmọ́ọ́nì olówó iyebíye tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti gé ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóru. Ó jí láàárọ̀, ó ṣáná sí mọ́tò, ariwo ẹ̀ jí gbogbo àdúgbò.

Àbí ẹ rántí bọ́tìnnì ilẹ̀kùn yẹn? Ní April 2024, Toyota kéde pé kí wọ́n dá irú ọkọ̀ yìí padà wá fún àtúnṣe, nǹkan bí 211,000 káàkiri àgbáyé, tí nǹkan bí 55,000 nínú ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Omi lè wọ inú bọ́tìnnì náà, iná á gbá ara wọn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọn ò bá tì pa sì lè ṣí lórí eré. Mi ò sọ pé mo rí i tẹ́lẹ̀ o, èmi kì í ṣe babaláwo. Ohun tí mo ń sọ ni pé ti ẹni tó ń tà ni ìpàtẹ, òun ló ń yan ibi tí iná máa tàn sí. Ẹni tó máa ra mọ́tò, ẹ jẹ́ kí ọdún kan tàbí méjì kọjá lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó sí i.

Tí tókúnbọ̀ 2023 tàbí 2024 bá wù yín, ẹ má kọ́kọ́ béèrè àwọ̀ ẹ̀. Ẹ gba VIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú pópó. Yóò sọ fún yín bóyá àtúnṣe ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Bó bá wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ṣe é níbí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bó bá ti dé Èkó, àpò ara yín lẹ ó fi wá bọ́tìnnì. Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn ti rí pupa kan tó wù ú, ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ owó. Mo ní kó fi VIN ránṣẹ́ ná.