Ẹ̀gbọ́n, àwa náà ń gbowó oṣù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin CAMA ọdún 2020, ìyẹn òfin Nàìjíríà tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti irú àjọ bẹ́ẹ̀, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àjọ má pín èrè láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n ó gbà kí òṣìṣẹ́ gba owó tó tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣe tèmi. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé.

Lọ́jọ́ tí a ti ilé ọmọ kan tí wọ́n fìyà jẹ n'Ìkéré dé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò lè kọ ìwé. Ọ̀gá wa gba bírò lọ́wọ́ mi, ó bu omi fún mi, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún ọmọ yín tó fẹ́ kọ̀wé wáṣẹ́.