Pat Summitt kò bá ife-ẹ̀yẹ nílẹ̀
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹgbẹ́ tó ti gbajúmọ̀ ni Pat Summitt bá ní Yunifásítì Tennessee ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin níbẹ̀ ní 1974. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ náà lọ síbi ìdíje, òun náà ló ń fọ aṣọ tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù. Ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ò dé ọwọ́ rẹ̀ àfi ní 1987, lẹ́yìn ọdún 13! Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì ní 2012, ife ti pé 8, iye eré bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí sì jẹ́ 1,098. Ẹ má fi òógùn obìnrin yìí ṣòfò.