Búrọ́ọ̀ṣì mi àti ìsàlẹ̀ òkun

Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn tó fẹ́ lọ máa ṣa irin nísàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bí mo ṣe fọwọ́ ara mi pa ẹja mi.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀, nínú táǹkì sìmẹ́ńtì méjì. Lọ́jọ́ kan tí mo ta ẹja inú ọ̀kan tán, mo fa omi rẹ̀ gbẹ, mo fọwọ́ ra ògiri rẹ̀ nínú, ó ń yọ̀ bí ilá. Ojú tì mí. Ìyá tó tọ́ mi kì í fojú rere wo ìdọ̀tí. Mo wá búrọ́ọ̀ṣì, mo po omi tí a fi ń bó àbàwọ́n ara aṣọ funfun, mo fọ táǹkì náà títí ó fi funfun báláú. Mo ṣàn án, mo jẹ́ kí oòrùn pa á fún ọjọ́ méjì, mo rọ omi kànga sí i, mo da ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja sí i, mo sì ń bọ́ wọn ní àbọ́yó.

Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo wọn nàró sínú omi, ẹnu lókè, ìrù nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ keje, apẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń kó òkú wọn.

Bàbá kan tó ti ń sin ẹja kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni mo sáré pè. Ó bu omi náà sínú ìgò kékeré kan, ó kán oògùn sí i, omi di àwọ̀ ewé. Ó mi orí. "Ìyá Tádé, ta ló ní kí o fọ̀ ọ́ mọ́ tó báyìí? O ti lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ."

Òṣìṣẹ́ wo, Bàbá? Ohun tó ń yọ̀ lára ògiri yẹn mà ni. Bí ẹja bá jẹun, amóníà ló ń tú sómi, májèlé sì ni fún un. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń sọ amóníà náà di nítíráìtì, àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di nítírétì, tí kì í tètè pa ẹja. Wọn kì í yára bí síi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni táǹkì mi lò kó tó padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú òkun. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, Nitrosopumilus maritimus. Ibo ni wọ́n ti rí i? Nínú táǹkì ẹja, ní ibi ìwòran ẹja kan ní ìlú Seattle l'Amẹ́ríkà! Mo rẹ́rìn-ín títí. Kì í ṣe bakitéríà o, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, archaea ni wọ́n ń pe irú wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí a bá ka nǹkan abẹ̀mí tíntìntín márùn-ún nínú òkun, ọ̀kan á jẹ́ ẹbí rẹ̀. Nínú òkùnkùn biribiri, níbi tí oòrùn ò dé, amóníà ni wọ́n fi ń ṣagbára, wọ́n sì ń fa kábọ́ọ̀nù tó yòrò sínú omi láti fi mọ ara wọn.

Ti kábọ́ọ̀nù yìí ló wá gba ìrònú mi jù. Ewéko tíntìntín tó ń léfòó lójú òkun ló ń ṣe bí ìdajì gbogbo iṣẹ́ tí ewé ń fi oòrùn ṣe láyé. Bí wọ́n bá kú, tàbí tí ẹran omi bá jẹ wọ́n tó sì yàgbẹ́, èérún rẹ̀ á máa rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Yìnyín òkun ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi ò rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ rí, eruku ọyẹ́ tó ń bà sórí tábìlì lóṣù Ọ̀pẹ ni mo fi wé e. Lójú ọ̀nà ni àwọn kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ti òkè hù, ó ṣòro kí ó ju ẹyọ kan lọ tó fi kan ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́ ló wá ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ nítòsí òkè, kíá ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù á padà sójú ọ̀run láti máa mú ayé gbóná. Bí ó bá jẹ́ nísàlẹ̀, ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí omi náà tó gòkè. Nítírétì tí wọ́n ṣe náà á bá omi yẹn gòkè, òun sì ni ajílẹ̀ ewéko ojú òkun.

Iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí nísàlẹ̀ òkun kò sì yá rárá. Ní 1968, ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin já bọ́ sínú òkun l'Amẹ́ríkà, ó rì lọ sísàlẹ̀ tó jìn ju 1,500 mítà lọ. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ sá jáde, oúnjẹ ọ̀sán wọn bá a lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá tí wọ́n fà á jáde, búrẹ́dì ẹlẹ́ran náà ti rin gbindin, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Inú fíríìjì òkè ló ti wá bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Irú ibi tí nǹkan ti ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ. Láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò, ìsàlẹ̀ òkun kún fún òkò dúdú tó tóbi bí ọ̀dùnkún, nikẹ́ẹ̀lì, kóbáàtì àti bàbà wà nínú wọn. Mílíọ̀nù ọdún kan ni irú òkò bẹ́ẹ̀ fi ń fi mìlímítà díẹ̀ kún ara rẹ̀. Bátìrì ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹ má sì pè mí ní ẹlẹ́nu méjì, bátìrì sólà ni mo fi ń kọ èyí, iná ò sí láti àná.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò kékeré rí. Ní 1989, àwọn onímọ̀ Jámánì wọ́ ohun ìtúlẹ̀ kọjá nísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Peru, ó jìn ju 4,000 mítà lọ. Wọ́n padà lọ ní 2015. Ojú poro wà níbẹ̀ kedere bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Àwọn kòkòrò ibẹ̀ ti dínkù, iṣẹ́ wọn láwọn ibì kan ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó lè gbà ju àádọ́ta ọdún lọ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ló kan ará Ifẹ̀ nínú òkun. Mo ní kó lọ bi àwọn tó ní Igbó Olókun nínú ìlú tí kò létí òkun. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo bátìrì. Mo ní kí wọ́n fi òkò yẹn sílẹ̀ títí a ó fi mọ ẹni tí a fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àti pé, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi "kòkòrò àrùn" túmọ̀ gbogbo bakitéríà fáwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́.

Màámi wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n na ọwọ́ sínú táǹkì, wọ́n tún fà á yọ. "Ibo lẹ kó búrọ́ọ̀ṣì sí nílé yìí?" Mo ní ó ti sọnù, Mà.