Ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń yìn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì wá kí wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Òòlù àti dòjé, àmì àwọn kọ́múníìsì, ló fi ṣe àwòrán ara rẹ̀ lórí Facebook, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pín àwòrán Stalin, apàṣẹwàá ilẹ̀ Soviet àtijọ́, kiri, wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Áfíríkà nílò. N kò bá a wí, nítorí mo mọ ohun tó ń bí i nínú: àwọn tó gba oyè jáde ṣáájú rẹ̀ ń wa zémidjan (ọ̀kadà akérò), ilé àwọn olówó sì ń ga sí i. Ìbínú yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ ló ń yìn.

Ilẹ̀ wa ti tọ́ ọbẹ̀ yìí wò rí. Mathieu Kérékou, tó fi ìbọn gba ìjọba ní 1972, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 1974 pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin, ìyẹn ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì, ni a ó máa tẹ̀lé; nígbà tó di ọdún kejì, orúkọ Dahomey tí orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ ti pa rẹ́, ó ti di Benin, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ níbí tó ti jẹ ààrẹ rí, wà ní àhámọ́ títí di 1981.

Síbẹ̀, ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú àtijọ́. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Parti Communiste du Dahomey, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní 1977, kọ́múníìsì paraku sì ni wọ́n. Ìjọba tó ń fi orúkọ Marx búra gan-an ló ń dọdẹ wọn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1985, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà ló wẹ̀wọ̀n láìfojú kan ilé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Stalin ṣe fún Bukharin, aṣáájú kọ́múníìsì ní Rọ́ṣíà tí òun àti Lenin jọ ja ìjà kan náà: wọ́n yìnbọn pa á ní 1938.

Àwa àgbà ló jẹ̀bi pé àwọn ọmọ kò mọ̀. Nígbà tí àwọn báńkì ìjọba ti wọlẹ̀ tán, tí owó oṣù àwọn olùkọ́ kò jáde mọ́, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù kejì ọdún 1990 fòpin sí ìṣèjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo náà láìsí ogun, wọ́n dárí ji Kérékou, ìbò ló sì gbé e padà sípò ààrẹ ní 1996. Mo dúpẹ́ fún àlàáfíà náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ìdáríjì yẹn ti di ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ilé wa.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n mú nígbà náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà wá lálejò lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ náà.