Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Sátidé tó kọjá ni ọmọ pé ọjọ́ kẹjọ, a sì péjọ sí Pàkátà, nílùú Ìlọrin níbí, láti sọ ọ́ lórúkọ. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Àwọn Àáfà ti jókòó, àgbò wà ní ìdè lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò kaná. Àáfà àgbà nu omi tó kán sórí láwàní rẹ̀, ó béèrè pé, "Orúkọ wo lẹ mú wá fún ọmọ?" Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá ọmọ kò sí nínú ilé. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Man U, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rán ọmọ kékeré lọ pè é, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n rán àbúrò rẹ̀ lọ, ó ní kó dúró ná, òun fẹ́ dá ẹnìkan lóhùn. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ dìde, tó ká agbádá sí èjìká, ló tó sáré wọlé. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń sọ fún àwọn tó fi sílẹ̀ pé, "Ẹni tí mo dárúkọ yẹn náà ni!"

Àáfà rò pé orúkọ ọmọ ni. Ó ní, "Tún un pè, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ọdẹ kì í sọmọ ní Àyándélé, ilé onílù kì í sọ ọ́ ní Ọdẹ́wálé. Ẹ mọ ìyẹn, n kò ní fi àsìkò yín ṣòfò. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́gbẹ́ ní akọ́nimọ̀ọ́gbá láràárọ̀ kì í wo ilé kankan. Orúkọ ṣáá ni wọ́n mọ̀ ọ́n pè.

Ẹ wo Man U tí wọ́n ń jà sí. Alex Ferguson fi ohun tó lé ní ọdún 26 ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì ní 2013. Láti ìgbà náà, David Moyes ti jẹ, Louis van Gaal ti jẹ, José Mourinho ti jẹ, Ole Gunnar Solskjær ti jẹ, Erik ten Hag ti jẹ, Ruben Amorim náà jẹ. Bí ẹ bá rántí dáadáa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn ọmọ wa kò fi ijó pàdé, kò sì sí ọ̀kan tí wọn kò fi èpè sìn jáde. Ọdún 6 ni wọ́n bá Moyes kọ sínú ìwé àdéhùn. Kò lo oṣù 10 pé. Van Gaal gba ife FA ní ọdún 2016, kò sì tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ní kó máa lọ.

Ṣé gbogbo wọn ni kò mọṣẹ́ ni? Moyes yìí kan náà dé West Ham, ó gba ife Conference League ilẹ̀ Yúróòpù fún wọn ní 2023. Àbí ẹ fẹ́ kí n sọ ti agbábọ́ọ̀lù? Scott McTominay tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwobọ́ọ̀lù gbogbo láti Tankẹ́ dé Ìpàtà, wọ́n tà á fún Napoli ní 2024. Sáà kan péré, Napoli gba líìgì Ítálì, òun ni wọ́n sì mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú líìgì náà. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ilé ló kúrò.

Ilé ọ̀hún ńkọ́? Nígbà tí ìdílé Glazer ra á ní 2005, owó yíyá ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì gbé gbèsè náà lé ẹgbẹ́ lọ́rùn. Àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀ ń yí padà, èrò wọn náà sì ń yí padà, débi pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan yóò ra ẹlẹ́sẹ̀ òsì fún ọ̀nà tirẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yóò ní òun kò nílò rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 tí Arsenal lọ nà wọ́n ní 1-0 nínú ilé wọn, òjò rọ̀, omi sì ń ya láti òrùlé Old Trafford, pápá wọn, bí ìgbà tí odò bá ń já bọ́ lórí àpáta. Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú mi. Ó di alẹ́ kí n tó ronú pé, ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àwọn onílé sì ń pààrọ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀.

Kí ẹ má baà ní ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Arsenal ni mí, mo sì ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí. Arsène Wenger dé ní 1996. Ní sáà 2003/2004, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38, kò sí ẹni tó nà wá. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 2017, èmi, bàbá àwọn ọmọ, mo wà lórí bẹ́ǹṣì ní Táíwò, mo ń pariwo pé kó máa lọ. Ó lọ ní 2018. Mo ra mínírà fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ní 2020, ipò 8 la ṣe. Ní 2021, ipò 8 náà ni. Mikel Arteta ni wọ́n fi sórí oyè nígbà yẹn, mo sì dárúkọ àwọn mẹ́ta tó sàn jù ú lọ. N kò ní tún orúkọ wọn pè níbí, nítorí ojú. Àwọn tó ni Arsenal kò gbọ́ tèmi. Wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, wọ́n kó àwọn tó ti sú ilé kúrò nílé, wọ́n ra ọmọdé. A wá ṣe ipò 2 ní 2023, ní 2024 àti ní 2025. Ta ló fi mí ṣe afọbajẹ ní Lọ́ńdọ̀nù?

Bí mo ṣe ń sọ èyí fún àwọn ọmọ náà lẹ́yìn tí a jẹun tán, ọ̀kan nínú wọn gbé Ivory Coast kò mí lójú. Ó ní, "Bàbá, Emerse Faé ńkọ́?" Ó mú mi. Ní Ife Adúláwọ̀ tí wọ́n gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Equatorial Guinea ti na Ivory Coast ní 4-0 nínú ilé wọn, wọ́n lé Jean-Louis Gasset nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ, wọ́n gbé Faé sí i, ó sì fi 2-1 gba ife mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní àṣekágbá. Ó dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti mú Faé? Igbákejì Gasset ni. Ó mọ ibi tí ìkòkò wà, ó mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Ilé ni wọ́n wò kí wọ́n tó pè é.

Ẹ̀yin tí irun yín ti ń funfun, ẹ ràn mí lọ́wọ́ sọ ọ́ fún wọn. Ní 1990, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wa ní Ife Adúláwọ̀ lábẹ́ Clemens Westerhof, Algeria na wá ní 5-1. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní ṣú kí wọ́n tó lé òyìnbó náà wọ bààlúù. Wọ́n fi í sílẹ̀, a sì dé àṣekágbá ìdíje yẹn gan-an. Ní 1994 ó gba ife náà, nígbà tó sì di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ní Ife Àgbáyé, Rashidi Yekini, ọmọ Irá, gúúsù Kwara níbí, gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bulgaria, ó di àwọ̀n mú, ó ń sunkún nínú rẹ̀. Ọdún 5 ni wọ́n fi hun àwọ̀n yẹn.

Ẹkún Yekini yé mi, tirẹ̀ ni. Ẹkún àwọn tiwa ni kò yé mi. Ẹlẹ́kún sunkún, ó bá tirẹ̀ lọ. Aláròpa sunkún, kò dákẹ́. Ní oṣù kejìlá 2018 tí Man U lé Mourinho, télọ̀ méjì wà ní àdúgbò wa tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀kan ní Mourinho ló jẹ̀bi, èkejì ní Paul Pogba, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ni. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di kí wọ́n fi ẹfun fa ilà sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ tó dára, èkejì ló ni áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e ń bọ̀, aṣọ mi wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ó rán an tán lóòótọ́, kò rí áyọ́ọ̀nù lò, ni mo bá wọ agbádá tó rún bí ewé gbígbẹ lọ sí Yídì, níṣojú àwọn àna mi. Mourinho ńkọ́? Ìwé ìṣirò owó Man U fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: mílíọ̀nù pọ́n-ùn 19.6 ni lílé òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ná wọn. Ó lọ sí Tottenham, ó lọ sí Roma, ó lọ sí Fenerbahçe. Ilà ẹfun ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, a ní tiwa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Kwara United gba ife Ààrẹ, ìgbà àkọ́kọ́ rèé; pẹnárítì ni wọ́n fi borí Abakaliki FC ní Èkó. Mo bi àwọn márààrún ní Sátidé pé ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife náà fún wa. Mẹ́ta wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní òyìnbó kan ni. Òyìnbó! Túndé Sanni ni, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ mọ orúkọ igbákejì igbákejì ní Manchester, ẹ mọ ìyàwó rẹ̀, ẹ kò mọ ẹni tó gbé ife wọ ìlú yín. Wọ́n ń kì wá ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀. Ẹnu náà nìyẹn o, ṣùgbọ́n kí la ń fi ṣe?

Ìwọ bàbá ọmọ tuntun, ọmọ mi ni ọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń bá ọ wí ní gbangba. O jókòó tì mí lẹ́yìn oúnjẹ, o ṣàlàyé fún mi pé pápá tuntun tí Man U fẹ́ kọ́ yóò gba 100,000 ènìyàn, o sì fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù rẹ. Ó dára. Ibi mẹ́ta ni òjò gbà wọlé bá wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Ìyá rẹ gbé abọ́ sí ọ̀kan. Ìyàwó rẹ, tó bímọ ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ gbé bàsíà sí èkejì. Ẹ̀kẹta ló ń kán sórí Àáfà, ó ń nu láwàní rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nítorí ó mọ ọ̀wọ̀ ilé onílé. Mo gbójú sókè kà wọ́n nígbà tí a ń retí rẹ. Páànù mẹ́ta ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káfíńtà tó kan ti ọ̀dọ̀ mi wà nítòsí Òjà Ọba, mo ti sọ fún un pé o ń bọ̀.