Ta Ló Máa Ka Àwọn Ọmọ Wa Ní 2028?

Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá owó USAID, àjọ wọn tó ń ran orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́, dúró ní 2025, tí ètò DHS, ìyẹn ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n fi ń mọ iye ọmọ tá a bí, iye tó kú àti bí ìlera wọn ṣe rí, náà sì dúró gbagidi pẹ̀lú ẹ̀, a ti ń retí kí ẹnì kan ní Abuja dìde sọ fún wa ẹni tó máa gbé iṣẹ́ náà. A ò tíì gbọ́ ọ. Ní February ọdún yẹn, wọ́n kọ ọ́ sójú wẹ́ẹ̀bùsáìtì ètò náà pé àwọn ò lè dá ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè dátà lóhùn, ẹni tó ń kọ tíísìsì ní OAU àti ẹni tó ń ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìta ni gbogbo wọn dúró sí. Nígbà tó yá, Gates Foundation, àjọ aláàánú kan ní Seattle l'Amẹ́ríkà, fi owó díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ má bàa bàjẹ́, ó wá dà bíi pé ìyẹn ti tó àwọn aláṣẹ tiwa, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀.

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí ò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Tiwa yìí tiẹ̀ ti kọjá ká máa sọ pé ó ṣo, ẹni tó ni ín ti bọ́ ọ lára wa.

Bóyá torí pé àwọn aláṣẹ ò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni. Obìnrin kan máa jókòó sórí àpótí lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹni tí ò mọ̀ rí, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, á máa bi ìyá ilé pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ ti bí? Mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ yín? Ṣé ẹ ti bí èyí tó ké nígbà tí ẹ bí i, àmọ́ tó padà kú?" Àwa tá a máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, a mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó. Ìyá náà á kọ́kọ́ wolẹ̀ ná. Wọ́n á wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù tí wọ́n bí i, ṣé ìbejì ni àbí ọmọ kan, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kú, àwọn tó ṣì kéré wọ́n á gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tẹ́ wọn sórí pátákó kí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe gùn tó, wọ́n á gún wọn lọ́mọ ìka fún ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Kí dátà náà tó jáde, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ yẹ ibi tí àdúgbò náà wà kúrò lójú ẹ̀, ó lè tó kìlómítà 2 nígboro, ó lè tó 5 lábúlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa tọ ìdáhùn yẹn délé ìyá tó sọ ọ́. Èèyàn ló ń ṣe gbogbo ìyẹn o, èèyàn tó kọ́ṣẹ́, tó sì gbọ́dọ̀ gbowó oṣù.

Ohun tá a rí gbà níbẹ̀ nìyí. Ní 2013, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 128 ló kú kó tó pé ọdún márùn-ún. Nígbà tó di 2018, ó di 132. Ọdún márùn-ún gbáko, pẹ̀lú gbogbo ariwo ìlera tí wọ́n pa fún wa, a ò sún síwájú, ká ní wọn ò kà á ni, ta ló máa mọ̀? Ti 2023-24 wá wálẹ̀ sí 110, a sì dúpẹ́. Ṣebí ìkànìyàn gan-an, látọdún 2006 la ti ṣe é kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú, ibẹ̀ ló sì wà.

Ẹni tó bá sì rò pé ẹnikẹ́ni tá a bá ṣáà ti rí ló lè ṣe é, kó lọ wo ti 1999. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti kú ni wọn ò kọ sílẹ̀, 140 ló jáde, ó dùn-ún gbọ́ létí, ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2003 ló di 201. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera 2025 nígbà tí Amẹ́ríkà kó owó ẹ̀ lọ, a yìn wọ́n nígbà yẹn, a ṣì ń yìn wọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oògùn àti àjẹsára ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ta ló máa sanwó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó dátà náà pa mọ́ sí? Ta ló máa jókòó ti ìbéèrè ìwádìí ọdún 1990 títí tó fi máa bá ti 2024 mu, tí ọmọ iléèwé á fi lè fi méjèèjì wéra? Tẹ́ni mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ yẹn bá wábi gbà lọ torí pé owó ò wọlé, owó tó dé lẹ́yìn ọdún méjì ò lè dá ohun tó wà lórí wọn padà, ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa láti máa tún un sọ, ó sú wa gan-an.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ilẹ̀ wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí Nàìjíríà tó ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1990, ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ṣe tiẹ̀ ní 1986, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ẹ̀, ilé iṣẹ́ ìlera l'Ákùúrẹ́ ló ṣe é, obìnrin tó lé ní 4,000 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Owó òkèèrè wà níbẹ̀ náà, a ò sẹ́. Àmọ́ àwọn èèyàn wa ló rìn ín láti ilé dé ilé, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sì yẹ kó jẹ́ àwa tá a tètè mọ̀ ọ́n ṣe la máa wá jókòó retí Seattle.

Tó bá jẹ́ ọdún márùn-ún márùn-ún là ń kà á, 2028 lòmíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti máa to ilé, kí wọ́n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Ìlà kan là ń bèèrè nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì Àjọ Elétò Ìkànìyàn, àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí ní Nàìjíríà, ìlà tó dá dúró, lọ́dọọdún, fún owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú dátà àti fún sáfà, kí ẹ̀dà kan sì wà n'Íbàdàn, kí òmíràn wà n'Ífẹ̀. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá náà lè dáwó jọ lábẹ́ DAWN, àjọ tó ń mú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é. Bí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ bá ti jáde, a máa wá ìlà yẹn, a sì máa sọ fún yín lójú ewé yìí bóyá a rí i.