Ta ló ń san owó "kíákíá"?

Èrò ọkàn mi rèé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ìlọrin lónìí ti mọ̀ pé tí wọ́n bá ti tẹ fóònù, ọjà á dé ẹnu ọ̀nà. Kò mọ bó ṣe débẹ̀, àwa òbí ni a ò sì ṣàlàyé fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ mọ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e wá. Ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí páálí. Ká ní ife kan lẹ rà. Ẹ má tíì da nǹkan kan nù. Kí ọmọ to gbogbo ohun tí wọ́n fi dì í sílẹ̀: páálí, ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, sẹ́lótéèpù, fómù. Ẹ tẹ́ ọ̀rá mímọ́ sínú páálí kí gààrì má baà dọ̀tí, kó wá máa fi ife yẹn bu gààrì sí i, kó máa kà á. Tó bá bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó kún, á yé e pé àyè ife mẹ́wàá ni ọkọ̀ fi gbé ẹyọ kan láti Èkó, nǹkan bí 300 kìlómítà, gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá.

Ó kan epo. Ká ní kìlómítà 6 ni ilé yín sí ibi tí ráídà, ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà wá, ti gbéra. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 12. Tí ìdílé márùn-ún ní àdúgbò Tanke bá rajà, tí kálukú ní kí wọ́n gbé tòun wá lójú ẹsẹ̀, 60 kìlómítà nìyẹn. Tí wọ́n bá ní sùúrù dọ̀la kí ráídà kó márààrún pọ̀, agbára káká ni á fi lé ní 15. Ọ̀kadà tó ń fi lítà kan rin 40 kìlómítà á jó lítà kan àbọ̀ ní ti àkọ́kọ́. Ìkejì ò ní tó ìlàjì lítà. Lítà bẹntiróò kan kò wúwo tó kílò kan, síbẹ̀ gáàsì carbon dioxide tó ń tinú rẹ̀ jáde lé ní kílò 2. Ọmọ á bi yín pé báwo. Kábọ̀n inú epo ló dì mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn yẹn ló fi wúwo sí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ráídà. Iye ilé tí wọ́n bá dé ni wọ́n fi ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré. Tí àdírẹ́sì bá jẹ́ "lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí", wọ́n á máa yí po, epo á máa jó. Tí ẹ ò bá sí nílé, ó di ìrìn méjì. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì: nọ́ńbà ilé, àdúgbò, àwọ̀ géètì. Kó gbé omi tútù fún wọn, kó kí wọn kú iṣẹ́.

Ẹ má sun ọ̀rá yẹn o, èéfín rẹ̀ burú. Gọ́tà náà kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.

Oògùn aláìsàn yàtọ̀, ìyẹn ò ṣeé dúró dè. Fún ìyókù, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́, kó kọ ọ́ síbẹ̀ títí di alẹ́ Jímọ̀ọ́. Kí ọmọ kà á sókè nígbà náà. Èyí tó wà ní Ọjà Ọba, ẹ fi kún ọjà ilé. Èyí tí kò wu ẹni tó kọ ọ́ mọ́, kó pa á rẹ́. Ìyókù, ẹ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.